Noho Méjì Tí Tatsuzo Ní

Nígbà tí tẹlifóònù dún nílé Ishiwata Tatsuzo ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí bàbá náà ti ń retí ìpè kan. Ìpè tó dé kọ́ ló ń retí, àmọ́ ta ni yóò sọ fún un? Ó ti sáré gbé e kí ìyàwó rẹ̀ tó na ọwọ́.

Àgbẹ̀ daikon ni Tatsuzo, ní Miura, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ lu oko lọ́sàn-án lóru. Daikon ni gbòǹgbò funfun yẹn tó máa ń nípọn tó itan ọmọdé, tí gbogbo ará Miura ń gbìn. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, gbogbo àgbẹ̀ a fa tiwọn tu, wọn a kó o lọ sọ́jà ọdún tuntun. Tatsuzo nìkan ni kì í fà. Yóò fi tirẹ̀ sínú ilẹ̀ títí òtútù líle yóò fi bọ́ sí i lórí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ìgbà yẹn ni adùn ń wọ inú rẹ̀. Ó sọ ọ́ lórúkọ: Noho Ishiwata, èyí ni ọ̀nà tí Ishiwata ń gbà dáko. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ lẹ́tà sí Sẹ́ńtà ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ pé kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá wò ó. Ẹnì kankan kò dá a lóhùn. Kawana, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí oko wọn jọ pààlà, sì ní orúkọ tirẹ̀ fún ọ̀nà ìdáko náà.

"Ọ̀lẹ lorúkọ ẹ̀," Kawana a wí. "Ọkùnrin tí ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń sọ pé òun ń dúró de adùn."

Ẹ wá gbọ́ ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè wọn, noho ni ọ̀nà ìdáko. Noho náà sì ni wọ́n ń pe àpò omi kékeré tó bá yọ nínú ara ènìyàn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀, méjèèjì kò jọra rárá. Bí wọ́n bá pè é, kò sí etí tó lè yà wọ́n. Kí Yorùbá kankan má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Àwa tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ń ṣì lọ́nà lójoojúmọ́, ẹnu wa kò gbà á. Yàtọ̀ sí èyí, etí òsì Tatsuzo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di nítorí ariwo katakata, etí òsì náà ló sì fi ń gbọ́ tẹlifóònù.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé Bàbá Ishiwata ni?" Ohùn ọmọbìnrin ni. "Láti Sẹ́ńtà ni mo ti ń pè. Wọ́n rí noho kan."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni Tatsuzo lọ sí Sẹ́ńtà ìlera fún àyẹ̀wò ara tí wọ́n máa ń ṣe fún gbogbo àgbàlagbà ìlú, tí wọ́n fi nǹkan tútù kan ra á níkùn tí wọ́n sì ń yí ẹ̀rọ kiri orí ẹ̀. Àmọ́ oṣù tó ṣáájú ìyẹn ló kọ lẹ́tà rẹ̀ kẹta. Ẹ fúnra yín mọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Wọ́n rí i?" ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Irú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní yunifásítì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n máa wò ó lóṣù mẹ́fà mẹ́fà."

"Lóṣù mẹ́fà mẹ́fà! Ẹ ṣeun o. Ọlọ́run á bù kún yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ nǹkan kan kí ẹ tó wá."

"Mo mọ̀, mo mọ̀. Kí n lè jẹun dáadáa níbẹ̀."

"Rárá, bàbá. Kí inú yín lè ṣófo ni."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn!"

Kí oòrùn tó kan àtàrí, Tatsuzo ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò. Ó kọ́kọ́ gba ilé Kawana lọ, ó ní kó wá pe òun ní ọ̀lẹ lójú ọ̀jọ̀gbọ́n. Fumie ìyàwó rẹ̀ nìkan ni inú rẹ̀ kò balẹ̀.

"Bàbá Noriko, ṣé ó dá yín lójú pé àwọn ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ló pè yín?"

"Ta ló tún ń sọ̀rọ̀ noho láyé yìí? Ìwọ kì í gba nǹkan gbọ́. Láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ lo ò ti gba nǹkan gbọ́."

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún un pé. Tatsuzo wọ kóòtù tó wọ̀ níbi ìgbéyàwó Noriko ọmọ wọn, tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò pàdé mọ́. Ó di daikon mẹ́ta sínú aṣọ, ó gbé wọn kọ́ apá, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Yokohama. Nígbà tó dé ilé tí wọ́n júwe, ó rí àwọn ènìyàn lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó ní yunifásítì ńlá nìyí, wọ́n kó gbogbo nǹkan pọ̀ sójú kan. Orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Wọ́n mú un wọ yàrá kan. Dókítà Mizoguchi, obìnrin tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ló jókòó níbẹ̀, ó ń wo àwòrán dúdú kan lórí kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa noho yín."

Tatsuzo dìde, ó tẹrí ba, ó wúkọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kọ́ ọ̀rọ̀ yìí sórí. "Noho mi ti pé ọgbọ̀n ọdún."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún? Ta ló ti ń bá yín mójú tó o?"

"Èmi fúnra mi ni. Ìyàwó mi a máa ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ kò gbà á gbọ́."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ó tó báyìí." Ó la apá méjèèjì. "Èyí tó tóbi jù tẹ̀wọ̀n kílò mẹ́fà."

"Kílò mẹ́fà!" Ojú dókítà lọ síbi ikùn rẹ̀, níbi tí bọ́tìnnì kóòtù ti ń bẹ̀bẹ̀.

"Ọdọọdún ni mo sì ń fà wọ́n tu. Mo tiẹ̀ mú mẹ́ta dání, kí ẹ tọ́ ọ wò."

Bó ṣe tú aṣọ nìyẹn, tó to daikon mẹ́ta sórí tábìlì dókítà, ewé wọn ṣì tutù. Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́yìn sáré jáde, wọ́n sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìta. Dókítà Mizoguchi kò rẹ́rìn-ín. Ó fa bébà kan, ó kọ noho sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan bí àgbẹ̀ ti ń kọ ọ́, ọ̀kan bí oníṣègùn ti ń kọ ọ́.

"Bàbá, tiyín nìyí," ó ní. "Tiwa nìyí."

Tatsuzo wo bébà náà títí. Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, kì bá dúró kó pè é lẹ́ẹ̀mejì kó tó kó wọ inú rẹ̀.

Dókítà wá là á yé e. Ẹ̀yà ara gígùn kan wà tó sùn sẹ́yìn àpò oúnjẹ, páńkíríàsì lorúkọ rẹ̀, òun ló ń pèsè omi tó ń da oúnjẹ, òun náà ni kì í jẹ́ kí ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Àpò omi kan ti yọ síhà ìrù rẹ̀, kò ju orí àtàǹpàkò lọ, mílímítà méjìdínlógún.

"Ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"Rárá. Àmọ́ irú ẹ̀ lè di jẹjẹrẹ tó bá yá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í dà bẹ́ẹ̀. A ò ní fọwọ́ kàn án báyìí, ojú la ó máa fi wò ó. Ẹ ó máa wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà."

"Ṣé kí n kó daikon mi?"

"Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ká tọ́ ọ wò."

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń padà lọ, ẹ̀rù ba Tatsuzo, ẹ̀rù gidi, débi pé ó kọjá ibi tó yẹ kó sọ̀ kó tó mọ̀. Ìtìjú sì tún wà níbẹ̀, nítorí Kawana ti ń dúró de ìròyìn. Ó pinnu pé kí ẹlòmíràn tó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, òun ni yóò kọ́kọ́ fi ara òun ṣe é. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nínú ahéré tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fọ daikon, ó ṣe gbogbo rẹ̀ fún wọn: ohùn dókítà, ohùn ara rẹ̀, bọ́tìnnì, kílò mẹ́fà. Kawana rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú omi tí wọ́n fi ń fọ daikon.

"Tatsuzo, ìwọ nìkan lo gbé oúnjẹ lọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ wo inú ẹ!"

"Ó kúkú jẹ ẹ́."

Òótọ́ sì ni, ó jẹ ẹ́. Nígbà tí Tatsuzo padà lọ lóṣù keje, tó gbé bàrà tútù dání nítorí òun ni wọ́n ń kórè ní Miura lákòókò ooru, Dókítà Mizoguchi ní daikon yẹn dùn, ìyá òun béèrè ibi tó ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n kìíní tó yin Noho Ishiwata nìyẹn. Tatsuzo rò ó nínú ara rẹ̀ pé ó kéré jù, ọ̀jọ̀gbọ́n inú ni, kì í ṣe ti oko, àmọ́ ẹni tí ebi ìyìn ń pa kì í ṣa oúnjẹ.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn fún ọdún márùn-ún. Oṣù kìíní, daikon. Oṣù keje, bàrà. Wọn a fún un ní omi kan mu tí adùn rẹ̀ kò jọ ti èso kankan, wọn a tì í sínú ẹ̀rọ oníhò tó ń pariwo bí ẹni ń kan páànù, wọn a ní kó sé èémí, kó mí, kó tún sé e. Tó bá délé, yóò kọ iye rẹ̀ sínú ìwé oko rẹ̀, láàárín òjò àti ajílẹ̀: méjìdínlógún. Méjìdínlógún. Ogún. Mọ́kàndínlógún. Bí iye náà kò bá yí padà, inú rẹ̀ a dùn bíi pé òun ló fi ọkọ́ ro ìdí rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn aláìsàn tuntun ní ẹ̀kọ́ níbi ìjókòó. Ó wá sọ fún Kawana pé gbogbo ìmọ̀ ìṣègùn ti gba noho òun wọlé, nítorí kí ni wọ́n ń ṣe fún àpò omi náà? Wọn ò fà á tu. Wọ́n ń wò ó.

"Ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ká má ṣe nǹkan kan," Kawana wí, Tatsuzo sì gba oyè náà.

Oṣù kìíní ọdún kẹfà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àpò omi ti di mílímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ojú ọ̀nà tí omi páńkíríàsì ń gbà kọjá ti wú. Wọ́n ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú wà lẹ́nu rẹ̀ gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wọlé. Ìyẹn kò tilẹ̀ ṣàjèjì sí i, nítorí àgbẹ̀ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá daikon ti hò nínú, tí inú rẹ̀ ti ṣófo, láìfà á, igi ewé rẹ̀ ni yóò gé wò. Ohun tí wọ́n rí ni nǹkan kékeré kan bí hóró ìrẹsì tó ti hù sára ògiri àpò náà láti inú.

"Bàbá, wíwò ti parí," Dókítà Mizoguchi sọ. "Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."

Wọn yóò gé ìhà ìrù páńkíríàsì náà, ọlọ inú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò bá a lọ. Dókítà kò tan án: iṣẹ́ abẹ ńlá ni, omi inú lè máa jò lẹ́yìn rẹ̀, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà lè tẹ̀lé e.

"Dókítà, ẹ jẹ́ ká fún un ní òtútù kan sí i."

"Bàbá."

"Kò dùn mí. Mò ń jẹun. Àná ni mo gbé àpò ajílẹ̀ méjì."

"Ìgbà tó bá máa fi dùn yín, á ti kọjá ohun tí mo lè gé."

Tatsuzo ní òun gbọ́. Ó ní kí òun kọ́kọ́ kórè, kí òun rò ó. Dókítà fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì bá a rẹ́rìn-ín bó ti máa ń ṣe. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà á, ó wá lọ fi noho bo ẹ̀rù náà mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún sọ pé kí ènìyàn má yára fà á tu, báwo ni yóò ṣe sọ pé kí wọ́n wá fa tòun?

Fumie kò bá a jà. Kò sunkún pẹ̀lú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí àpò omi náà, ẹnì kankan kò tíì rí omijé lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó lọ sí ahéré, ó gbé ìwé oko kan tó ti gbó wá, ìwé ọdún tí òtútù kò mú rárá, lọ́dún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn. Ó jókòó síwájú ọkọ rẹ̀, ó wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"'Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì. Ewé wọn tutù yọ̀yọ̀. Àwọn yòókù ti kórè. Màá dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.'"

"Níbo lo ti rí ìyẹn?"

"'Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Mo fà wọ́n. Gbogbo wọn ti hò nínú bíi kànìnkànìn. Kò sí ọ̀kan tó ṣeé jẹ. Ewé wọn ṣì tutù. Òmùgọ̀ ni mí.'"

"Ta ló kọ ìkọkúkọ yẹn?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishiwata ni." Fumie bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ sọ fún gbogbo ayé pé afẹ́fẹ́ òkun ló pa wọ́n lọ́dún yẹn. Mo mọ ibi tí ẹ sin wọ́n sí. Ẹ̀yìn odi, lábẹ́ igi páínì. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò yín bí ẹ ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀."

Tatsuzo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde.

"Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tẹ́ ẹ ti ń pè mí ní aláìgbàgbọ́," Fumie ní. "N ò bínú. Àmọ́ Bàbá Noriko, tí ẹ bá dúró títí inú yín fi hò, lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni màá gbẹ́ ilẹ̀."

Ó pa ìwé dé, ó lọ gbé omi kaná. Tatsuzo jókòó síbẹ̀ títí omi fi hó. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé tẹlifóònù sí etí ọ̀tún, èyí tó gbọ́ràn, ó pe ilé ìwòsàn.

Oṣù kẹta ni wọ́n gé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí omi náà jò lóòótọ́, wọ́n sì fi rọ́bà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè máa jáde. Ó ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé wọ́n ń bomi rin òun, kí wọ́n ṣọ́ra kí òun má baà hu ewé. Tó bá rẹ́rìn-ín ojú ọgbẹ́ a dùn ún, síbẹ̀ kò jáwọ́. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, Dókítà Mizoguchi fa àga, ó jókòó tì í.

"Jẹjẹrẹ ti dé ẹnu ọ̀nà," ó ní. "Ó ti bọ́ bàtà. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ wọlé."

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù kó wọlé?"

"N ò mọ̀, bàbá. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìdí tá a fi gé e nìyẹn."

Tatsuzo yíjú sí ògiri, ó sunkún bí ọmọdé, kò sì bo ojú. Nígbà tó tán, ó béèrè bóyá wọ́n á ṣì máa wo èyí tó ṣẹ́kù. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, kó má gbàgbé daikon.

Oṣù kẹwàá ọdún náà, Fumie ń gé ewé daikon kéékèèké tí wọ́n fà láti fún oko láyè, nígbà tí tẹlifóònù dún. Tatsuzo gbé e. Àṣà burúkú ṣòro í fi sílẹ̀. Etí òsì náà ló gbé e sí.

"Ṣé Bàbá Ishiwata ni? Láti Sẹ́ńtà ni mo ti ń pè, sà. Nípa noho yín ni." Ohùn ọkùnrin ni.

"Áà, wọ́n ti gé e."

"Sà?"

"Wọ́n ti gé e lóṣù kẹta. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn ló gé e, títí dé ìrù. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn. Tá a bá fi sílẹ̀ díẹ̀ sí i, ì bá ti pa mí."

"Noho yẹn ni ì bá pa yín?"

"Bó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ní irú ẹ̀ kì í dùn ènìyàn títí á fi parí iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un o."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó léwu." Ó sì gbé e sílẹ̀.

"Ta ni?" Fumie béèrè.

"Sẹ́ńtà ni."

"Sẹ́ńtà wo? Ṣé àwọn tó gé e ló tún ń béèrè ẹ̀ ni?"

Tatsuzo wo tẹlifóònù. Ó rántí pé ohùn obìnrin ló máa ń pè láti ilé ìwòsàn. Ó rántí lẹ́tà kẹta tó kọ sí Sẹ́ńtà ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Fumie wo ojú rẹ̀, ó mọ̀. Ẹ̀rín gbá a mú, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó di tábìlì mú, ó ń rẹ́rìn-ín tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín náà di nǹkan mìíràn lọ́fun rẹ̀. Ó ń sunkún, ẹkún ọdún mẹ́fà, ó fi ọwọ́ tó ní eruku ewé nu ojú, kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ pè wọ́n padà," ó ní láàárín ẹkún. "Bàbá Noriko, ẹ pè wọ́n padà. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tẹ́ ẹ ti ń dúró dè wọ́n."

"Kí wọ́n dúró dè mí náà," Tatsuzo ní. Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó mú ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ewé tó kù.